Mọ́tò Tí Kò Ṣe Ẹnikẹ́ni Léṣe Rí

Bí ẹ bá dé ilé wa l'Òṣogbo nígbà ayé bàbá mi, kì í ṣe ènìyàn ni ẹ máa kọ́kọ́ kí. Mọ́tò ni. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà onípáánù tí Bàbá kọ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó dúdú, ó ga, aṣọ líle tí wọ́n lè ká sẹ́yìn ló bo orí rẹ̀, idẹ sì ni wọ́n fi ṣe iná iwájú rẹ̀ méjèèjì. Irin kan wà tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nímú, tí dírẹ́bà á máa yí títí òógùn á fi bò ó kí mọ́tò tó jí. Bàbá rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń ra kòkó, kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo fi máa di ọmọ ogún ọdún, irú rẹ̀ kò sí mọ́ láti Òṣogbo dé Iléṣà. Àwọn àlejò á na ọwọ́ kan idẹ rẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú o," Bàbá á sì rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí wọ́n bá yin ọmọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo di olùkọ́. Bàbá ti kú báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí i díẹ̀ nítorí ẹ̀rín yẹn.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Òwò aṣọ ló gbé Bàbá dé Òṣogbo, ó sì kọ́lé sí tòsí ibùdó rélùwéè, ṣùgbọ́n Iléṣà ni ọkàn rẹ̀ wà. Lọ́rì ló ń wọ̀ lọ sọ́jà. Mọ́tò tiẹ̀ kì í ru ẹrù. Ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ òkú àgbà ló ń jáde. Ní ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Iléṣà ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ fi oyè àdúgbò dá a lọ́lá. Bàbá kò bi wọ́n ní ohun tí oyè náà máa ná an. Ohun tó ń rò ni bí òun ṣe máa wọ ìlú nínú mọ́tò yẹn, tí orí rẹ̀ á wà ní kíká, tí gbogbo ojú á sì máa rí òun.

Ó gbé e jáde lọ dán an wò lójú ọ̀nà Iléṣà, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan sì dá a dúró. Ó ní ìwé ìnṣọ́ránsì dà? Bàbá ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Sájẹ́ǹtì yìí jẹ́ onísùúrù, ó ṣàlàyé fún un pé òfin ìjọba ti dé: bí mọ́tò bá kọlu ènìyàn, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni yóò san ohun tó yẹ fún ẹni náà, mọ́tò tí kò bá sì ní ìwé yẹn kò gbọdọ̀ fi táyà kan títì. Bí òun bá tún rí i níta láìní ìwé, àgọ́ ọlọ́pàá ni mọ́tò náà máa sùn. Bàbá padà wálé bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ láàárín ọjà.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìnṣọ́ránsì. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bá ní ilé-iṣẹ́ àwọn kì í gba mọ́tò àgbà. Ẹnì kejì jáde wá wò ó, ó rìn yí i ká, ó wá bi Bàbá bóyá ìnṣọ́ránsì ló fẹ́ ṣe fún un àbí ìsìnkú. Bàbá kò bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ẹnì kẹta, ará Ìjẹ̀bú kan tó máa ń fi táì rẹ̀ nu ojú, ló wá sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ó ní òyìnbó kan wà ní Ìbàdàn tó mọ̀ nípa irú èyí. Ó ní nílùú wọn lọ́hùn-ún, àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń ṣa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n á máa kẹ́ ẹ, wọ́n á máa gẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì wà á bí kò bá sí ìnáwó. Ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ yàtọ̀. Mọ́tò náà gbọ́dọ̀ máa sùn lábẹ́ òrùlé. Ọjọ́ pàtàkì nìkan ló gbọ́dọ̀ máa jáde. Kò sì gbọdọ̀ tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí. Òyìnbó náà máa wá fojú ara rẹ̀ wò ó, á sì bi onímọ́tò ní ìbéèrè.

Bàbá ránṣẹ́ pè mí láti Ẹ̀sà-Òkè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé ọ̀fẹ́, pé kí n wá ṣe tápítà fún òun. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gẹ̀ẹ́sì mi máa wúlò fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó fi pè mí to ohun tí òyìnbó ń fẹ́, nígbà tí mo sì kà á dé èyí tó gbẹ̀yìn, mo tún un kà.

Yèyé mi ń tiro.

Ọmọ Ìwàrà nítòsí Iléṣà ni Yèyé, òun sì ni ìyàwó kejì tí Bàbá fẹ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, èjìká rẹ̀ kan á sì máa lọ sílẹ̀ bó bá ń rìn. Nínú ilé wa, ẹsẹ̀ yẹn kò ní ìtàn. Wọn kò sọ pé àìsàn ni, wọn kò sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ìgbà kan tí mo bi Yèyé fúnra rẹ̀, ó ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná. Ìwàrà ni mo ti gbọ́, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá mi. Àwa ọmọdé ń ṣeré, mo fẹ́ ṣe olórí, ọmọbìnrin kan sì ní àwọn kò ní jẹ́ kí ọmọ Ìyàwó Mọ́tò ṣe olórí fún àwọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó hàn sí mi pé orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n Yèyé tó jẹ́ ọkùnrin ló sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, níbi tó ti ń sá kòkó. Ọdún tí Bàbá ra mọ́tò ni. Fúnra rẹ̀ ló wà á wá sí Ìwàrà, kò tíì mọ̀ ọ́n wà dáadáa, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n rí i. Yèyé ń bọ̀ láti oko tòun ti ẹrù iṣu lórí. Kò rí mọ́tò rí. Ó gbọ́ ariwo lẹ́yìn, ó sá, ó sì sá sí ibi tí kò yẹ. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn tó ń to eegun ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n kò tò bó ti yẹ. Wọ́n ti fi Yèyé fún ẹnìkan nígbà náà, ará Ìwàrà níbẹ̀. Àwọn ará ilé ọkùnrin náà ránṣẹ́ pé ọmọ àwọn kò lè fẹ́ ẹni tí kò ní lè ru ẹrù oko. Ni ìdílé Bàbá àti ti Yèyé bá jókòó, Bàbá ní bó bá jẹ́ báyìí, òun máa fẹ́ ẹ. Wọ́n gbà. Wọ́n bu omi tútù sílẹ̀, wọ́n pa obì, àwọn àgbà sì ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, ilẹ̀ ti mu ún. Wọ́n ti di àna ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ mọ́.

Nítorí náà kì í ṣe àṣírí o. A kàn kì í sọ ọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, tí mi ò sì mọ ẹni tó ń tì mí fún gan-an, bóyá Yèyé ni, bóyá Bàbá ni. Bí ẹsẹ̀ Bàbá bá yá lórí bíréékì lọ́jọ́ náà, mi ò ní sí láyé. Ẹ wo irú ìtàn ìbí tí ènìyàn máa gbé kiri.

Lọ́jọ́ tí òyìnbó máa dé, wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ mọ́tò títí ó fi ń tàn. Bàbá wọ agbádá ẹtù. Òyìnbó náà tín-ín-rín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tiẹ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ mọ́tò wa. Bàbá fẹnu sí mi létí. Ó ní, "Ọmọlúwàbí ni òyìnbó yìí. Ó mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún."

A jókòó sí pálọ̀. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, mo ń túmọ̀.

"Ó ní, bí mọ́tò bá gbiná ńkọ́?"

"Kò ní gbiná."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó. Ó ní bí olè bá gbé e ńkọ́. Bàbá ní olè kankan kò ní gbé e. Òyìnbó ní bí igi bá wó lé e ńkọ́, bó bá já sódò ńkọ́. Bàbá yí ojú sí mi.

"Kí ni mo fi ṣe òyìnbó yìí? Sọ fún un pé kó yé é ṣépè fún mi nínú ilé mi."

Mo sọ fún òyìnbó pé bàbá mi ní òun máa ń ṣọ́ra púpọ̀. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo rò nínú ara mi pé iṣẹ́ tápítà yìí kò le.

Ìgbà yẹn ni Yèyé gbé omi wọlé. Ènìyàn máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó rí i, ẹsẹ̀ kan á dún ju èkejì lọ. Ó gbé àwo kalẹ̀, òyìnbó dìde fún un, ó dúpẹ́, ó mu omi. Ó wá tún jókòó, ó wo ìwé rẹ̀, ó bi ìbéèrè tó kù. Mo lè ní kó jẹ́ kí obìnrin yìí kọ́kọ́ jáde. Kò wá sí mi lọ́kàn. Mo ti wọ inú iṣẹ́ náà jù, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi ní Yorùbá kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ.

"Ó ní, ṣé mọ́tò yìí ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí?"

Yèyé dúró. Kò wò wá, ó ń wo àwo tó gbé kalẹ̀. Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, ó wo orí àjà. Ó wá ní, "Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́. Kì í purọ́. Bó bá ta aṣọ tó ní àléébù, á fi ìka tọ́ka sí ibi tí àléébù náà wà. Mo rò pé lọ́kàn tirẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ti bu omi lé kò sí mọ́ láyé yìí, bí ìgbà tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé irin fún un pé kó fi búra, á fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu omi. Èmi mọ ohun tí mo ń túmọ̀. Òyìnbó gbójú sókè, ó ń retí mi. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ní gẹ̀ẹ́sì, kò gùn tó èémí. Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ohun ìyanu ni, kí mọ́tò dàgbà tó báyìí kó má tíì kan ènìyàn kankan.

Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó lọ. Bàbá ń yọ̀, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé láti ní kí wọ́n pa adìẹ. Yèyé jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń di ẹrù rẹ̀.

Bàbá ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Ulé."

"Ulé èwo?"

"Ulé bàbá mi."

Kò pariwo. Ó so ẹrù náà tán kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ká má sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ rí. Ọmọ mi bi mí, mi ò sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ká sẹ́ ẹ."

Bàbá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, ìwé lásán ni.

"Bí mọ́tò yẹn kò bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí ni mo wá ṣe nílé yín? Ẹlòmíì ni wọ́n fi mí fún." Ó wá wò mí, ó sì dà bíi pé àánú mi ń ṣe é. "Àti èmi àti ìwọ, kò sí ẹni tó yẹ kó wà níbí nínú wa."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó gba ìdíkọ̀ lọ. Èmi dúró síbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sáré tẹ̀lé e. Kí ni mo máa sọ fún un? Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sọ jù lọ lọ́jọ́ náà ni èyí tí mo ti sọ. Wọ́n pa adìẹ náà, èmi àti Bàbá kò sì jẹ ẹ́.

Mo padà sí Ẹ̀sà-Òkè, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìwé ìnṣọ́ránsì dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní Bàbá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò, ó sì ń jókòó tì í lójoojúmọ́, kò gbé mọ́tò náà jáde. Ọjọ́ oyè ń súnmọ́. Gbogbo ìyàwó ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọkọ wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kù, wọ́n á bèèrè rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ fèrè mọ́tò náà níwájú ilé tí mò ń gbé. Bàbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà. Ó ní kí n wọlé. Kò sọ ibi tí à ń lọ, mi ò sì bi í. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a kọjá Iléṣà, tí mo rí i pé ọ̀nà Ìwàrà la yà sí, mo na ọwọ́ fa aṣọ orí mọ́tò wálẹ̀ níbi tí ojú mi wà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi.

Àwọn ará ilé Yèyé ti jókòó, bóyá wọ́n ti ń retí rẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, tòun ti agbádá. Yèyé jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò gbórí sókè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ẹ dìde. Kí lẹ wá bẹ̀ wá fún?"

"Ìyàwó mi."

"Kí lẹ ṣe fún un tí ẹ fi ń bẹ̀?"

Bàbá kò dìde. Ewúrẹ́ kan ń họ ara mọ́ ògiri. Bàbá gbórí sókè díẹ̀, ó wò mí, bó ṣe wò mí níwájú òyìnbó. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, kí n fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Yèyé gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó ní, "Jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. A gbọ́ Yorùbá níbí."

Bàbá kò wò mí mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. "Mọ́tò mi ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo wà á."

Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ gbogbo àgbàlá gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Yèyé ṣẹ́ ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé lọ gbé ẹrù jáde. Bàbá sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Yèyé dúró níwájú gíláàsì, ó ń wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún òun.

Mo kà á. Mo ní, "Wọ́n ní bí mọ́tò yìí bá ṣe ènìyàn léṣe, àwọn máa san nǹkan fún ẹni náà."

"Ó pẹ́ kó tó dé," ni Yèyé wí.

Kò wọ inú mọ́tò. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó kọjá lára ilẹ̀kùn tí Bàbá dì mú, ó bọ́ sójú ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà. Bàbá wọlé jókòó, ó ní kí dírẹ́bà máa rọra tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wo obìnrin tó ń tiro lọ níwájú àti mọ́tò ńlá tó ń rá pálá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Àárín ọ̀nà gan-an ni Yèyé ń gbà. Dírẹ́bà bi Bàbá bóyá kí òun fun fèrè. Bàbá ní kó má fun ún.